Àwọn Aṣọ Tí Dọ́kásì Rán: Ìwàásù Lórí Iṣẹ́ Àánú Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 9, ẹsẹ 36 títí dé 42.



Ẹsẹ méje péré ni ìtàn Dọ́kásì gbà nínú Ìwé Mímọ́, síbẹ̀ ìjọ Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà náà wá. A kò gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, a kò tilẹ̀ mọ̀ bí ó ní ọkọ tàbí kò ní. A kò gbọ́ pé ó wàásù, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wa. Ohun tí a gbọ́ ni pé ó ń gbé Jópà, ìlú etí òkun. Pé ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ́kun oore ṣíṣe sí àwọn aláìní. Pé àìsàn kọ lù ú, ó sì kú. Àti pé nígbà tí Pétérù ti Lídà dé, ó bá àwọn opó ìlú nínú yàrá òkè, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń na ẹ̀wù àti aṣọ tí obìnrin náà ti rán fún wọn sí i, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Orúkọ méjì ni obìnrin yìí ní, Tàbítà ní èdè àwọn ará ilé rẹ̀, Dọ́kásì ní èdè Gíríkì. Ìtumọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ní, èyíinì ni ẹranko ẹlẹ́wà kan tí ó jọ egbin tiwa. Àwa Yorùbá a máa wí pé obìnrin dára bí egbin. Ṣùgbọ́n ẹwà tí Lúùkù rí lára obìnrin yìí, ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti tọ́ èdè Gíríkì wò yóò rántí pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ tí Lúùkù fi pè é ní ọmọ-ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, ibẹ̀ nìkan ni a sì ti rí i nínú gbogbo Májẹ̀mú Titun. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó fi jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn.

Ẹ kíyè sí i, ará. Nígbà tí Pétérù dé, ẹnikẹ́ni kò dìde láti ka ìwé ìyìn sí i létí. Wọn kò sọ iye ọdún tí Dọ́kásì fi ṣiṣẹ́, wọn kò sì ka orúkọ oyè kan lé e lórí. Aṣọ ni wọ́n fi hàn. Èyí ni ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn sí, nítorí pé òtútù tí kò mú opó ní òru kì í parọ́.

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lóṣù yìí nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ti ń ṣe olórí ẹgbẹ́ àánú nínú ìlú wa láti ọdún pípẹ́ wá láìgba owó oṣù. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ìyá àgbà kan wà tí kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹgbẹ́ kò kúrò ní ìdí aṣọ rẹ̀ láti ogún ọdún. Bàbá kan wà tí a máa ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òru bí iná bá jó ilé ẹnìkan, tàbí bí ọkọ̀ bá dojú dé ní ojú ọ̀nà. Bí a bá bi wọ́n pé ta ni ó fi wọ́n sí ipò náà, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn kò sì ní ìdáhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni èmi yóò bi nípa iṣẹ́ wọn: báwo ni ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Kí ni ó ń mú un dúró? Báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó parí?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ẹni ń fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ìtàn rẹ̀ yé wa dáradára, Mísì Clara Barton ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ó dá Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa, tí a ń pè ní Red Cross, sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ó sì ṣe olórí rẹ̀ fún ọdún 23. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, òkìkí rẹ̀ sì ju ti olórí ẹ̀ka ìlú kékeré lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá a ni ó ń bá olórí ẹ̀ka tí ó kéré jùlọ, nítorí náà ni ó fi yẹ kí a gbé e yẹ̀wò.

Ìkíní: Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1821 ni a bí Clara Barton ní North Oxford, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọmọ tí ojú ń tì púpọ̀ ni. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ David ṣubú láti orí abà tí wọ́n ń kọ́, ó sì fara pa gidigidi. Clara fi eré ọmọdé sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń fún un ní oògùn, ó ń tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún méjì títí ara rẹ̀ fi yá. Kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó rán an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn, ọwọ́ rẹ̀ sì tó o.

Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́. Ní ọdún 1852, ní ìlú Bordentown ní New Jersey, ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń rìn kiri ìgboro nítorí pé àwọn òbí wọn kò ní owó ilé-ìwé. Ó tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, ó ní òun yóò kọ́ni fún oṣù mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀, bí wọ́n bá lè ṣí ilé-ìwé tí a kì í san owó sí. Ọmọ mẹ́fà ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí ìlú sì wá kọ́ ilé-ìwé titun tí ó tóbi, ọkùnrin kan ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, wọ́n sì ń san owó fún un ju ti ẹni tí ó dá a sílẹ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, kò di dandan kí n sọ fún yín bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń rí lára. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ ṣe akọ̀wé ìjọba ní Washington.

Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861. Àwọn ọmọ ogun láti ìpínlẹ̀ rẹ̀ dé sí ìlú náà ní oṣù April. Àwọn ènìyàn ti kọ lù wọ́n ní ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn fara gbọgbẹ́, ẹrù wọn sì ti sọnù. Clara kó aṣọ àti oúnjẹ láti inú ilé rẹ̀, ó gbé e lọ bá wọn. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń fà á lọ títí ó fi dé ojú ogun gan-an. Ní Antietam, ní ọjọ́ 17 oṣù September, ọdún 1862, bí ó ti ń fún ọmọ ogun kan tí ó gbọgbẹ́ ní omi mu, ọta ìbọn gba apá aṣọ rẹ̀ kọjá, ó sì pa ọkùnrin náà. Ihò nìkan ni ó ṣẹ́kù sí apá aṣọ obìnrin náà.

Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1865, àwọn ìyá àti àwọn aya ń wá àwọn tí wọn kò padà sílé. Clara ṣí yàrá kan ní Washington láti máa bá wọn wádìí. Òun àti àwọn díẹ̀ tí ń ràn án lọ́wọ́ dáhùn lẹ́tà tí ó ju 63,000 lọ, wọ́n sì rí òótọ́ nípa àwọn tí ó ju 22,000 lọ. Ẹ rò ó wò. Ẹnìkan ń jókòó ti àtùpà, ó ń kọ̀wé sí ìyá kan tí kò rí rí, láti sọ ibi tí a sin ọmọ rẹ̀ sí fún un. Èyí pẹ̀lú jẹ́ aṣọ tí a rán fún opó.

Ẹ̀kọ́ ìkíní nìyí: iṣẹ́ àánú kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí oyè. Láti ọ̀dọ̀ aláìsàn tí ó wà nínú ilé, ọmọ tí ń rìn kiri ní ìgboro, àti àlejò tí ó fara gbọgbẹ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ń dúró de ìgbà tí a ó fi wá jẹ alága kí a tó ṣe oore. Dọ́kásì kò dúró. Ará Samáríà tí Olúwa wa sọ ìtàn rẹ̀ kò dúró bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ohun tí ó ní lọ́wọ́ ni ó lò, òróró rẹ̀, wáìnì rẹ̀, ẹran tí ó ń gùn, àti owó àpò rẹ̀.

Èkejì: Ohun tí ń mú un dúró.

Oore ọjọ́ kan kò ṣòro. Omijé a máa mú ọwọ́ ẹni dé inú àpò kíákíá. Èyí tí ó ṣòro ni oore ọdún kẹwàá, nígbà tí omijé ti gbẹ, tí àwọn tí a ràn lọ́wọ́ ti gbàgbé, tí àwọn tí wọ́n bá wa bẹ̀rẹ̀ sì ti fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa àárẹ̀. Ní ọdún 1868 ara Mísì Barton kò gbé e mọ́. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ kọṣẹ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn. Àwọn oníṣègùn ní kí ó lọ sinmi, ó sì ré òkun kọjá lọ sí Yúróòpù ní ọdún 1869. Ní Geneva ni ó ti gbọ́ nípa Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Henry Dunant, ọmọ ìlú náà, ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó gbọgbẹ́ lẹ́yìn ogun Solferino ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1859, ó sì bá àwọn obìnrin ìlú Castiglione tọ́jú ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá láìsí ìyàtọ̀. Láti inú ìwé tí ó kọ lórí ohun tí ó rí ni ẹgbẹ́ náà ti jáde wá ní ọdún 1863, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì ti ṣe ìpinnu Geneva ní ọdún 1864 pé a kò gbọdọ̀ pa ẹni tí ó gbọgbẹ́ lára tàbí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Àsíá ilẹ̀ Switzerland tí a yí àwọ̀ rẹ̀ padà ni àmì àgbélébùú pupa náà. Kì í ṣe àmì ìjọ kan, ẹgbẹ́ náà kì í sì í bi aláìsàn léèrè bí ó jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí ìmàle.

Ẹ ò rí i pé ìgbà tí a rán obìnrin yìí lọ sinmi ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ ní ayé rẹ̀ hàn án. Bákan náà ni ó rí fún Èlíjà lábẹ́ igi, nínú Ìwé Ọba Kìíní orí 19, nígbà tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí òun kú. Olúwa kò bá a wí ní àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó sì fi oúnjẹ fún un. Lẹ́yìn náà ni ó tó rán an ní iṣẹ́. Ẹ̀yin ìjọ, bí olórí ẹgbẹ́ àánú yín bá sọ pé ó rẹ òun, ẹ má ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹ fún un ní oúnjẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn.

Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà, ó tún ṣàìsàn, ó sì lọ gbé ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Dansville, ní ìpínlẹ̀ New York, kí ara rẹ̀ lè yá. Ní oṣù May ọdún 1881 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Washington. Ní ọjọ́ 22 oṣù August ọdún kan náà, àwọn ará Dansville dá ẹ̀ka ti ìlú sílẹ̀, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo ẹ̀ka ilẹ̀ náà, inú ilé ìsìn Luther kan ni wọ́n sì ti ṣe ìpàdé náà. Kò pé oṣù kan tí iná ńlá jó igbó àti ìletò ní Michigan. Ẹ̀ka kékeré yìí sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó owó àti ẹrù ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ inú ọkàn yín, ẹ̀yin ará ìjọ ìletò: nínú ilé ìsìn ìlú kékeré ni iṣẹ́ náà ti ta gbòǹgbò.

Mísì Barton ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni 60 ọdún nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ní ọdún 1889 tí ìdídò omi ya lu ìlú Johnstown, tí ó sì pa ènìyàn 2,209, ẹni ọdún 67 ni; ó lọ, ó sì bá wọn gbé fún oṣù márùn-ún. Ní ọdún 1900 tí ìjì líle pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Galveston, ẹni ọdún 78 ni. Ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ti ọdún 1893 ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ó kàn wá. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù August ọdún náà, ìjì àti omi òkun bo àwọn erékùṣù South Carolina tí a ń pè ní Sea Islands. Ó pa ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ, nǹkan bí 30,000 ni ó sì fi sílẹ̀ láìní ilé àti oúnjẹ. Ènìyàn dúdú ni ó pọ̀ jùlọ nínú wọn, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà wa. Nínú ìwé tí Ọ̀mọ̀wé Lorenzo Dow Turner tẹ̀ jáde ní ọdún 1949 lórí èdè Gullah tí wọ́n ń sọ, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ àti orúkọ Yorùbá wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ẹ̀bá òkun wa. Ẹ̀jẹ̀ wa ni omi gbé lọ ní òru ọjọ́ náà.

Mísì Barton lọ sọ́dọ̀ wọn, oṣù mẹ́wàá ni òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì lò níbẹ̀. Owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Àgbàdo lílọ̀ díẹ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń pín fún ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ àwọn ènìyàn náà di atọrọjẹ. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ kòtò kí omi iyọ̀ lè kúrò nínú oko, wọ́n sì tún ilé kọ́. Àwọn obìnrin jókòó ní ẹgbẹẹgbẹ́, wọ́n ń tún aṣọ tí a kó ránṣẹ́ rán fún ara wọn àti fún àwọn aládùúgbò wọn. A pín irúgbìn, wọ́n sì gbìn ín. Nígbà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ń lọ, ohun ọ̀gbìn ti wà ní oko. Ẹ̀yin ará, èyí ni Dọ́kásì tí ó fi abẹ́rẹ́ náà lé opó lọ́wọ́.

Ohun tí ń mú iṣẹ́ àánú dúró nìyí. Ìyìn kò lè mú un dúró, nítorí ìyìn a máa tètè tán. Ìfẹ́ tí ó ń rí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lè dìde ni ó ń mú un dúró. Ẹni tí ó ń fẹ́ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lójoojúmọ́ yóò fẹ́ kí aláìní máa wà ní aláìní lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn aláìní gẹ́gẹ́ bí Krístì ti fẹ́ràn rẹ̀ yóò yọ̀ ní ọjọ́ tí kò nílò òun mọ́.

Ẹ̀kẹta: Bí ó ti yẹ kí ó parí.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, n kò sì ní yẹra fún un. Kò sí ẹ̀bùn tí kò ní ìdánwò tirẹ̀. Mísì Barton kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ń dàgbà, orílẹ̀-èdè tóbi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ohun gbogbo ń gbà kọjá, àti owó, àti ìwé, àti àṣẹ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìṣirò owó kò hàn gbangba, pé kò gba ìmọ̀ràn. A yan ìgbìmọ̀ láti wádìí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ olè kan tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí i lára, ìwádìí náà sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ti wà. Ní ọdún 1904, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 82, ó fi ipò náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ kánkán. Ẹni tí ó ti fi oorun rẹ̀ àti owó rẹ̀ tọ́ ọmọ dàgbà, ó ṣòro fún un láti gbà pé ọmọ náà kì í ṣe ti òun nìkan. Síbẹ̀ Ìwé Mímọ́ ti kìlọ̀ fún wa lọ́nà mẹ́ta.

Jẹ́tírò, nínú Ẹ́kísódù orí 18, rí Mósè tí ó jókòó láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ tí ó ń dá ẹjọ́ gbogbo ènìyàn. Ó sọ fún un gbangba pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, àti pé òun àti àwọn ènìyàn náà ni yóò rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìdajì kejì gbólóhùn náà: àwọn ènìyàn pẹ̀lú ni yóò rẹ̀. Olórí tí ó ń dá ohun gbogbo ṣe kò dá ara rẹ̀ nìkan lágara. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Pọ́ọ̀lù, nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8, ń kó ọrẹ àwọn ìjọ lọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù. Kò dá owó náà gbé. Ó fẹ́ kí àwọn arákùnrin mìíràn tí ìjọ mọ̀ bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn lórí ọrẹ tí ó tó bẹ́ẹ̀. Bí Àpọ́sítélì Olúwa kò bá ka ẹlẹ́rìí sí àbùkù, kí ni ó dé tí olórí ẹgbẹ́ wa fi ń bínú nígbà tí a bá ní kí ó mú ìwé owó wá? Ìṣirò tí ó hàn gbangba kì í ṣe ẹ̀gàn fún olóòótọ́. Ààbò rẹ̀ ni.

Mósè kan náà, nínú Númérì orí 27, gbọ́ pé ikú òun kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Olúwa yan ẹnìkan sórí ìjọ ènìyàn náà, kí wọ́n má baà dà bí àgùntàn tí kò ní darandaran. Ó sì gbé ọwọ́ lé Jóṣúà lójú gbogbo wọn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà láàyè. Àwọn baba wa mọ èyí tí wọ́n fi wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìyàtọ̀ wà láàárín iná àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ará mi. Iná tàn ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n eérú ni ó fi sílẹ̀.

Àti Dọ́kásì ńkọ́? Pétérù kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, Olúwa sì jí i dìde. Ó fà á lé àwọn ènìyàn mímọ́ àti àwọn opó lọ́wọ́ láàyè. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó tún kú ní ọjọ́ mìíràn. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa ẹni tí ó ń rán aṣọ ní Jópà lẹ́yìn ìgbà náà. Mo rò pé ó yẹ kí ìbéèrè náà dúró níwájú ìjọ kọ̀ọ̀kan wa. Ọlọ́run lè jí òkú dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà jùlọ láti mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú ni pé kí ẹnìkan kọ́ ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kò parí sí ìbànújẹ́ fún Mísì Barton. Ní ọdún 1905 ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ará ìlú bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ó fara pa kí oníṣègùn tó dé. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù April, ọdún 1912, ní ẹni ọdún 90. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ sì wà títí di òní.

Nísinsin yìí, kí ni a ó ṣe?

Láti ọdún 1917 ni Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ti wà ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1960 ni òfin sọ ọ́ di ti orílẹ̀-èdè wa, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti ní Àbújá. Àwọn ẹgbẹ́ àánú inú ìjọ wa pẹ̀lú wà. Iṣẹ́ kò wọ́n wa. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò lè gbàgbé òru tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní oṣù August ọdún 1980. Omi tún ya ní ìlú kan náà ní oṣù August ọdún 2011. Ní ọdún 2022 omíyalé pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nínú ilé wọn. Nígbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó jìnnà.

Ẹ̀yin olórí tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Aṣọ tí ẹ rán wà lára àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ mú ọ̀dọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ yín nínú ọdún yìí. Ẹ fi ibi tí ìwé wà hàn wọ́n, ẹ mú wọn lọ sí ilé àwọn opó, kí àwọn opó náà lè mọ ojú wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì máa bá yín ka owó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ ìsìnkú yín kí a tó máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri.

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má ṣe máa wí pé, “Màmá ń ṣe é.” Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìyìn, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí Màmá bá ń ṣe é, ta ni ń gbé omi fún Màmá? Ẹ lọ kí i nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe láti bèèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe láti bi í pé apá ibo nínú ẹrù náà ni ó fẹ́ kí ẹ bá òun gbé. Àwọn opó Jópà sunkún nígbà tí Dọ́kásì ti kú. Ó sàn kí a ran tiwa lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń là.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 11 tí ó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú kíláàsì yín. Ó lè jẹ́ ẹni tí ojú ń tì, tí kì í ná ọwọ́ sókè. Ẹ kọ́ ọ bí a ti ń fi aṣọ di ọgbẹ́, bí a ti ń kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé, bí a ti ń kọ ìṣirò owó tí gbogbo ojú lè kà. Ẹ kò mọ ẹni tí ẹ ń tọ́.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ fún wa, nínú Mátíù orí 25, ohun tí yóò bèèrè ní ọjọ́ ìkẹyìn. Kò ní bèèrè oyè, kò sì ní bèèrè iye ọdún tí a fi jókòó lórí àga. Yóò bèèrè nípa oúnjẹ, omi, aṣọ, àti ẹsẹ̀ tí ó rìn lọ sọ́dọ̀ aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn olódodo tí wọ́n ṣe é kò tilẹ̀ rántí pé àwọn ṣe é. Òun ni ó rántí.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, ìwọ tí o pe Tàbítà láti ẹnu ìránṣẹ́ rẹ tí ó sì dìde, bùkún fún gbogbo àwọn tí ń ṣe àánú ní orúkọ rẹ láìgba owó. Fún àwọn tí ó ti rẹ̀ ní ìsinmi. Fún àwọn tí ó ti pẹ́ ní ọkàn tí ó lè fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ọwọ́ tí kò tijú abẹ́rẹ́. Má ṣe jẹ́ kí opó kan ní ìhòòhò láàárín wa nítorí pé ẹnìkan ti kú. Nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.